Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Fíìmù Àmì-Ẹ̀yẹ Látàárọ̀ Dalẹ́

Ìbéèrè tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì forí lé: báwo lèèyàn ṣe máa jókòó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó wo àwọn fíìmù tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ tán, kí oorun má gbé e lọ, kí èyí tó wò kẹ́yìn sì rí ojú kan náà tí àkọ́kọ́ rí? Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà làwọn tó kọ̀wé ti kọ ọ́. A kó wọn sójú kan, torí ìdáhùn ọ̀kan ń ran èkejì lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Àwa mẹ́rin la fẹ́ wo fíìmù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí wọ́n yàn fún Fíìmù Tó Dára Jù Lọ ní Oscar, lọ́jọ́ Sátidé kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣé a máa parí kí ilẹ̀ tó mọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀nà Ẹdẹ, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ lè parí rẹ̀ lórí bébà, ẹ ò ní parí rẹ̀ lójú. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tí kò pọ̀ rárá fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀, mẹ́wàá á gba wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 40, láìtíì jẹun, láìtíì lọ ilé ìtura. Ọdún mìíràn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn tí wọ́n yàn fún Oscar 2025, The Brutalist nìkan gba wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 35, tòun ti ìsinmi ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n fi sáàárín rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń yàn, ọjọ́ kan gbà á. Àmọ́ láti ayẹyẹ 2010 ni wọ́n ti fi kún iye náà, ó sì ti dúró sórí mẹ́wàá géérégé láti 2022. Àwọn ilé sinimá kan ní Amẹ́ríkà tó ń fi gbogbo wọn hàn pọ̀ pàápàá máa ń pín in sí Sátidé méjì.

Ohun tó bọ́ sínú ọjọ́ kan pẹ́kẹ́ ni fíìmù kúkúrú. Òfin Akádẹ́mì tó ń fúnni ní Oscar ni pé fíìmù kúkúrú kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 40 lọ, tòun ti orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sáré kọjá níparí. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: eré tí èèyàn ṣe, eré àwòrán tí a mọ̀ sí animation, àti fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, ìyẹn documentary. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń yàn sínú wọn. Ẹ fi 15 sọ 40 di púpọ̀, ìṣẹ́jú 600 ni: wákàtí mẹ́wàá ni òkè téńté rẹ̀, kì í sì í sábà dé bẹ́ẹ̀, torí eré àwòrán mìíràn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ fíìmù gígùn dandan, ẹ lọ mú ìsọ̀rí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ti Oscar, tó jẹ́ márùn-ún péré, tàbí kí ẹ lọ wo àwọn tí wọ́n yàn sí ìsọ̀rí èdè abínibí nínú AMVCA (Africa Magic Viewers' Choice Awards), àmì-ẹ̀yẹ fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti ń fúnni l'Ékòó láti 2013. Fíìmù márùn-ún tó gba wákàtí méjì méjì, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú 30 láàárín wọn, wákàtí 12 ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ ó ti tú ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ohun tí a ò fọwọ́ sí ni kí ẹ mú ìdajì nínú ìsọ̀rí kan, kí ẹ wá máa jiyàn pé èyí ló yẹ kó gba ẹ̀bùn. Akádẹ́mì náà fúnra wọn kéde ní oṣù kẹrin 2025 pé ẹni tí kò bá wo gbogbo fíìmù inú ìsọ̀rí kan kò ní dìbò ìkẹyìn nínú rẹ̀. A fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìsọ̀rí kékeré tí ẹ wò tán sàn ju ńlá tí ẹ wò dé ìdajì lọ.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti lé fíìmù Nàìjíríà kan kúrò ní Oscar nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì? (Oníṣòwò, Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Lionheart ni, fíìmù tí Genevieve Nnaji darí, ní 2019. Ìsọ̀rí tí wọ́n fi sí béèrè pé kí ọ̀rọ̀ inú fíìmù pọ̀ ní èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Ìgbò tó wà nínú Lionheart kò sì ju bíi ìṣẹ́jú 11 lọ. Fíìmù tí wọ́n fi ojúlówó Yorùbá sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin yóò kọjá nínú òfin yẹn láìsí wàhálà. Ẹ̀kọ́ tó kan ẹ̀yin tó fẹ́ wò ó lọ́jọ́ kan ni pé ìwé kíkà ni ìsọ̀rí yìí jẹ́. Fíìmù márùn-ún, ó lè jẹ́ èdè márùn-ún, ẹ ó sì máa ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù fún wákàtí mẹ́wàá. Èyí tọ́rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù ni kí ẹ fi ṣíde lówùúrọ̀. Èyí tí wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ẹ fi kádìí.

Ìbéèrè: Fíìmù kúkúrú 15 la mú. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọ́kọ́ wo eré àwòrán torí àwọn ọmọdé. (Olùkọ́, Iléṣà)

Ìdáhùn: Documentary ni kó ṣáájú. Ogun, àìsàn, ẹ̀wọ̀n àti ikú ló máa ń pọ̀ nínú wọn, ìṣẹ̀lẹ̀ gidi sì ni. Ẹni tó bá fi wọ́n sùn, ọkàn rẹ̀ á wúwo mọ́jú, kò sì ní lè dájọ́ wọn dáadáa torí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ gba ìṣẹ́jú 40 pé, tí ẹ sì sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín, aago méjìlá ààbọ̀ ni ẹ ó parí. Ẹ jẹun títí di aago kan.

Aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán ni ara èèyàn máa ń rẹlẹ̀, yálà ó jẹun tàbí kò jẹun. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi eré àwòrán sí: ó kúrú, àwọ̀ rẹ̀ ń jí ojú, bí ẹnì kan bá sì tòògbé, kò ní pàdánù púpọ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Kí ẹni tó bá fẹ́ sùn fi orí lélẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oorun tó bá wọra ní ọ̀sán a máa mú kí èèyàn jí pẹ̀lú orí wúwo. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni kí eré tí èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni ẹ ó tó dìde.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ dákun, ẹ má rò pé ohun tí wọ́n fi àwòrán yà ti di tọmọdé. Nínú àwọn tí wọ́n ń yàn fún Oscar, a máa ń rí ìhòòhò, ìpànìyàn àti ìbànújẹ́ àgbà. Kí àgbàlagbà kan ti wò wọ́n ṣáájú, tàbí kí ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sí i lára.

Ibi tí fíìmù kúkúrú ti ń tanni jẹ rèé: ó ń tètè tán, ọwọ́ á sì ti máa yá èèyàn láti tẹ èyí tó kàn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó wà nínú fíìmù kẹta á ti máa gbé nínú ilé tó wà nínú fíìmù kejì. Ẹ pa ohun tó ń jẹ́ autoplay kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ sáré tán. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí oníkálùkù kọ nǹkan sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu.

Bí ẹ ṣe máa ṣe bébà náà nìyí. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sí i lóòró kó di òpó mẹ́rin. Òpó kìíní, orúkọ fíìmù. Òpó kejì, àwòrán kan ṣoṣo tí kò kúrò lójú yín: ọwọ́ tó ń gbọ̀n lórí ife tíì, ilẹ̀kùn tí wọn ò tì. Òpó kẹta, ibi tó ti ṣe yín bíi kí ẹ wo aago. Òpó kẹrin, ipò tó wà nínú àwọn tí ẹ ti wò títí di ìsinsìnyí. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ èyí tó kẹ́yìn yìí torí yóò máa yí padà. Ẹ má fún fíìmù ní máàkì lórí mẹ́wàá. Ẹni tó bá fún àkọ́kọ́ ní mẹ́sàn-án kò ní àyè mọ́ fún èyí tó bá dára jù ú lọ lálẹ́.

Ìbéèrè: Dátà mélòó ló máa tó wa? (Aránṣọ, Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ó wà lọ́wọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kí àwòrán mọ́ tó. Ìṣirò tí Netflix gbé jáde ni pé àwòrán tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ń jẹ bíi 0.7GB ní wákàtí kan, ti HD sì lè jẹ tó 3GB. Fún wákàtí mẹ́wàá, ìyàtọ̀ 7GB sí 30GB nìyẹn. Lórí fóònù, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ náà. Lórí tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43, inú òkùnkùn lẹ ó ti mọ̀ ọ́n: dúdú á máa là sí kélekèle bí ilẹ̀ tó gbẹ. Bí fíìmù bá jẹ́ ti òru, ẹ ná dátà sí i. Bó bá jẹ́ ti ojú ọ̀sán, ẹ mú un ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Dátà òru ló dùn ún lò. Ẹ gbé gbogbo wọn sórí ẹ̀rọ láàárín òru méjì ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn fíìmù kan tí ẹ bá gbé sílẹ̀ báyìí máa ń kú lẹ́yìn ọjọ́ méje, àwọn mìíràn sì ń kú lẹ́yìn wákàtí 48 tí ẹ bá ti tẹ̀ wọ́n wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tẹ fíìmù ní Wẹ́sìdeé kó lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, tó sì fẹ́ wò ó ní Sátidé, ó lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Alẹ́ Fúráìdeé ni kí ẹ dán an wò, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì ní pípa.

Nínú àwọn fíìmù kúkúrú tí wọ́n yàn, a máa ń rí èyí tí The New Yorker tàbí The New York Times gbé sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá kí ẹ tó sanwó níbòmíràn.

Ìbéèrè: Ínfátà wa ní bátìrì 200Ah kan. Ṣé ó máa gbé wa dé alẹ́ bí NEPA bá mú iná lọ? A tún ní jẹnẹrétọ̀ kékeré oníná 650W, I-pass. (Bàbá onílé, Mọdákẹ́kẹ́)

Ìdáhùn: Bátìrì yẹn nìkan ò lè gbé e dé alẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ó. Tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 ń fa bíi 80W, sípíkà 40W, fáànù 60W, ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì 10W: 190W ni àròpọ̀. Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah gba 2,400Wh, àmọ́ bó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn 1,200Wh. Ínfátà fúnra rẹ̀ á jẹ bíi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó kù, ẹ pín in sí 190: wákàtí márùn-ún ó lé díẹ̀. Ti lítíọ́mù, tí èèyàn lè lò dé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án.

Ẹ wá pín in báyìí: kí bátìrì gbé documentary ti àárọ̀ àti eré àwòrán ti ọ̀sán. Kí jẹnẹrétọ̀ gbé ti ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì bátìrì fún wákàtí kan nígbà oúnjẹ, ó ti kún nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣájà 20A kì í rọ ju bíi 240Wh sínú rẹ̀ ní wákàtí kan. Ó lè gbé yín fún bíi wákàtí kan sí i, kò jù bẹ́ẹ̀. Láti òru Fúráìdeé ni kí bátìrì ti kún.

I-pass tí ẹ ní yẹn, epo tí ẹ fọwọ́ ara yín po pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ló ń lò. Mìlílítà 20 ọ́ìlì sínú lítà bẹntiróòlù kan ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ọ̀kan sí àádọ́ta. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, èéfín á gbòde, pọ́lọ́ọ̀gì á dọ̀tí, á sì máa kú láàárín fíìmù. Bó bá kéré jù, písítìn á gan mọ́ inú. Ẹ wọn ọ́ìlì náà pẹ̀lú ọmọrí ìgò tí wọ́n kọ mìlílítà sí lára, ẹ má fojú díwọ̀n. Tí ẹ bá tan án, ẹ jẹ́ kó sáré fún ìṣẹ́jú méjì kí ohùn rẹ̀ tó dúró sójú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, nípasẹ̀ sítábíláísà. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ló ń ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́.

Ìta gbangba ni kí jẹnẹrétọ̀ wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Kó má wà ní bàráńdà, kó má wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn, àwọn tó sì ń wo fíìmù nínú yàrá tí wọ́n ti pa fèrèsé torí ìmọ́lẹ̀ ló wà nínú ewu jù, torí wọ́n á rò pé oorun fíìmù ló ń kun àwọn. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta kíákíá.

Ìbéèrè: Láptọ́ọ̀pù la so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, VLC la sì fi ń wo fíìmù lórí rẹ̀. Subtitle ń ṣáájú ọ̀rọ̀, àmì ohùn Yorùbá inú rẹ̀ ń di wúruwùru, sípíkà bulutúùtù sì ń gbẹ́yìn ẹnu òṣèré. (Ọ̀dọ́, ìtòsí ààfin Ọwá, Iléṣà)

Ìdáhùn: Àrùn mẹ́ta ni, oògùn wọn ò jọra.

Subtitle tó ń ṣáájú: ẹ tẹ H lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìtẹ̀ kan ń fà á sẹ́yìn ní ìdá 20 ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí náà ogún ìtẹ̀ ni ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá jẹ́ pé ó ń gbẹ́yìn, G ni kí ẹ tẹ̀. Ibi tó dára láti wọ̀n ọ́n ni ibi tí ẹnì kan ti pe orúkọ ẹlòmíràn: létí yín orúkọ náà á dún, ẹ ó sì rí i bóyá ó ti hàn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún un ṣe tó bá ara mu, tó tún wá yà kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyára fíìmù yín àti ti subtitle náà ni kò bára mu. Fíìmù wákàtí méjì tí wọ́n ṣe fún àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí wọ́n bá sáré é dé 25, ìṣẹ́jú 115 ló máa gbà. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún nìyẹn kó tó parí. Fáìlì subtitle mìíràn lẹ máa wá.

Àmì ohùn tó dàrú: wọ́n kọ ìwé náà ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà àti àmì, VLC ń kà á bí ohun mìíràn. Ẹ lọ sí Tools, Preferences, Subtitles, ẹ wá Default encoding, ẹ yí i sí UTF-8, ẹ tẹ Save, ẹ pa VLC, ẹ tún un ṣí. Bó bá jẹ́ àpótí kéékèèké ni ẹ ń rí dípò ẹ̀ àti ọ̀, fọ́ńtì ni kò ní àmì náà. Ẹ fi Noto Sans tàbí DejaVu Sans rọ́pò rẹ̀ lójú ewé kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára. Fíìmù tí òṣèré ti sọ pé “ọkọ̀” tí ìsàlẹ̀ sì kọ “oko”, a ti fi nǹkan dù ẹni tó ń kà á.

Sípíkà: bulutúùtù ló ń fa ìdádúró. Waya kékeré tó ń wọ ihò etí láptọ́ọ̀pù á parí ẹ̀. Bí kò bá sí waya, ẹ tẹ J, ohùn á máa bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀; K ló ń dá a padà.

Ẹ fi mẹ́ta yìí kún un. Fíláàṣì tí wọ́n ṣe ní FAT32 kò gba fáìlì tó ju 4GB lọ. Ẹ tún un ṣe ní exFAT tàbí NTFS, kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹlifíṣọ̀n yín ń kà á. Bí àwòrán bá ń jáde tí ohùn ò jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ohùn rẹ̀ jẹ́ DTS, irú ohùn kan tí tẹlifíṣọ̀n náà ò gbọ́. Láptọ́ọ̀pù ni kó gbé e. Bí gbogbo fíìmù bá sì ń dán, tó ń yọ̀ bíi fídíò ìgbéyàwó, ẹ wọ inú ètò àwòrán, ẹ pa ohun tí LG ń pè ní TruMotion, tí Samsung ń pè ní Auto Motion Plus. Ẹni tó ya fíìmù náà ò yà á bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní 65. Mo fẹ́ bá àwọn ọmọ-ọmọ mi jókòó wò ó, àmọ́ ẹsẹ̀ mi máa ń wú. Ṣé kí n dín omi mímu kù kí n má bàa máa dìde? (Màmá, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ẹ dákun, ẹ má dín omi kù. Ìdìde yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ yín ń fẹ́. Ìjókòó pípẹ́ ló ń mú kí omi ara sọ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹ fi àpótí kékeré gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí fíìmù bá ń lọ, ẹ máa tẹ ìka ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tún gbé gìgísẹ̀ sókè, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn fíìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ sì padà. Kí àga yín wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí ẹ má bàa máa fo àwọn ọmọ.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dunni, tó gbóná, tàbí tí èémí ń gé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ fíìmù mọ́: ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti ojú, a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ bí a bá tẹjú mọ́ nǹkan. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbójú kúrò, ẹ wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Òkè tó yí Iléṣà ká láti ojú fèrèsé ti tó. Mítà kan àtààbọ̀ sí méjì ni kí àga jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43.

Ìbéèrè: Kí la máa jẹ? (Ìyàwó ilé, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Iyán ni a máa fi bẹ̀rẹ̀, torí Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀ là ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ lálẹ́ nígbà tí ẹ bá parí. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, oorun ló máa wo fíìmù tó kù. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ló bá ọ̀sán mu. Gúgúrú àti ẹ̀pà dára, àmọ́ ẹ dà á sínú abọ́ kó tó di pé fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ariwo ọ̀rá ń pa ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú fíìmù. Dòdò Ìkirè dùn, ṣùgbọ́n epo àti ata rẹ̀ á dé ara rìmóòtù bí kò bá sí ìnuwọ́ nítòsí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ obì kí oorun lè lọ, kó jẹ ẹ́ kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, torí káfíìnì inú rẹ̀ á ṣì wà lára títí alẹ́.

Ìbéèrè: Àwa mẹ́sàn-án ni. Lọ́dún tó kọjá, ìjà la fi parí ìbò wa. Báwo ni ti Oscar ṣe ń ṣe é? (Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, Ọ̀nà Ẹdẹ, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Fún Fíìmù Tó Dára Jù Lọ, wọn kì í mú ẹyọ kan, wọ́n ń tò wọ́n láti orí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ká fi àwọ̀ pe àwọn fíìmù náà. Nínú yín mẹ́sàn-án, ẹni mẹ́rin fi Pupa ṣe àkọ́kọ́, mẹ́ta fi Funfun, méjì fi Dúdú. Mẹ́sàn-án ni yín, márùn-ún ló pọ̀ ju ìdajì lọ, kò sì sí èyí tó dé ibẹ̀. Ẹ yọ èyí tó kéré jù, ìyẹn Dúdú. Ẹ wo bébà àwọn méjì tó mú un: ta ni wọ́n fi ṣe ìkejì? Bó bá jẹ́ Funfun ni àwọn méjèèjì fi sí i, ó di Funfun márùn-ún, Pupa mẹ́rin. Funfun ló gbà á. Fíìmù tí àwọn kan fẹ́ràn kú, tí àwọn yòókù ò sì fẹ́ rí, kì í sábà gba irú ìbò yìí. Òpó kẹrin bébà tí a sọ lókè ti to gbogbo rẹ̀ fún yín ná. Kí ẹnì kan ṣáà gbà á, kó kà á.

Ìbéèrè: A fẹ́ ya gbọ̀ngàn, ká gba náírà 500 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. (Ọ̀dọ́, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ẹ má gba kọ́bọ̀ títí ìwé àṣẹ á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́. Owó oṣooṣù tí ẹ ń san fún ìkànnì fíìmù, ti inú ilé yín ni. Gbọ̀ngàn kì í ṣe ilé, bẹ́ẹ̀ ni bí ẹ bá fi í hàn lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá kò sọ ọ́ di ilé. Ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù, lábẹ́ Copyright Act 2022. Ẹ kọ̀wé sí i: ọjọ́, gbọ̀ngàn, iye àga, iye owó ìwọlé, àti ìpín tí ẹ máa fún un. Àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń gbé e sórí YouTube máa ń fi àdírẹ́sì sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì rọrùn láti bá sọ̀rọ̀ ju ilé iṣẹ́ òkèèrè lọ. Ẹ tún wo ọjọ́ orí tí NFVCB, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, fi sí fíìmù náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sára páálí ìkéde.

Ìbéèrè: Aago mélòó l'Oscar máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Alẹ́ Sọ́ńdè ni lọ́hùn-ún, ó ti di ìdájí Mọ́ńdè níbí. Ti 2025, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta, aago kan òru ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nígbà tí aago méje alẹ́ lù ní New York. Amẹ́ríkà ń sún aago wọn síwájú ní Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta. Bí ayẹyẹ bá bọ́ sí ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ wákàtí kan: aago méjìlá òru ni.